Ẹ Má Gbé Ẹ̀mí Èèyàn Lé Ìlà Orí Gíráàfù

Bí ẹnjiníà kan bá kọ ọ́ sínú ìwé pé páìpù irin kan yóò lo wákàtí 100,000 nínú ìgbóná kó tó já, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í ni pé, ta ló dúró tì í tó fi pé bẹ́ẹ̀? Wákàtí 100,000 lé ní ọdún 11, tí ẹ̀rọ kò sinmi lọ́sàn-án, tí kò sinmi lóru. Wákàtí 200,000 ń lọ sí ọdún 23. Ìwọ̀nba èèyàn ló ní sùúrù bẹ́ẹ̀ láyé tí gbogbo ènìyàn ń kánjú yìí. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á dán irin náà wò fún wákàtí 1,000, tàbí 5,000, bóyá 20,000 bí wọ́n bá gbìyànjú. Wọ́n á fi àmì sórí gíráàfù, wọ́n á gbé rúlà lé e, wọ́n á wá fa ìlà náà lọ síbi tí ìdánwò kankan kò tíì dé. Nọ́ḿbà tí ìlà bá bọ́ sí ni wọ́n á pè ní ọjọ́ ayé irin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìṣirò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń buwọ́ lùwé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni iléeṣẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba abẹ́ páìpù náà kọjá lójoojúmọ́, gbogbo yín ni mò ń bá wí: àfojúdá ni nọ́ḿbà yẹn. Ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀rí. Òkú ti sùn nídìí rẹ̀ rí.

Irin tí a gbé ẹrù kọ́ níta gbangba kì í yẹsẹ̀, bí ẹrù náà kò bá ti ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ lọ, kẹ́ ẹ padà dé lẹ́yìn ogún ọdún, bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lẹ máa bá a. Inú ìgbóná ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí irin kábọ́ọ̀nù lásán bá ti kọjá nǹkan bí 400 °C, tí irin tí wọ́n po krómíọ̀mù àti molybdenum mọ́ sì kọjá nǹkan bí 500 °C, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í na. Ẹrù kò lé, ìgbóná kò lé, síbẹ̀ ó ń na. Kríìpù ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ikán ń jẹlé, bẹ́ẹ̀ náà ni kríìpù ṣe ń jẹ páìpù. Lójú ẹni tó wà níta, páìpù wà nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e kí ìgbóná má bàa jáde, ọwọ́ gééjì dúró sójú kan, kò sì sí ohun tó ń jò. Nínú irin náà lọ́hùn-ún, ihò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ń ṣí níbi tí hóró irin ti fẹnu kora. Ihò á wá ihò kàn, wọ́n á di ìlà, ìlà á di lílà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni nínà náà fi máa ń rọra lọ, débi pé ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lè rò pé ó ti dáwọ́ dúró. Nígbà tó bá wá ku díẹ̀ kó já, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó ti irin fún ọdún 11, wọ́n wá ọ̀nà àbùjá. Lọ́dún 1952, F. R. Larson àti James Miller tí wọ́n ń bá iléeṣẹ́ General Electric ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Ohun tí wọ́n sọ kò le: ìgbóná àti àkókò lè gba iṣẹ́ ara wọn ṣe. Irin tó yẹ kó pẹ́ nínú ìgbóná tó mọníwọ̀n, bẹ́ ẹ bá gbé e sínú ìgbóná tó gajú, á yára já, ẹ ó sì ti ibẹ̀ ṣírò bí ì bá ti pẹ́ tó. Ẹ mú ìwọ̀n ìgbóná lórí òṣùwọ̀n Kelvin, ẹ fi 20 kún lọ́ọ̀gì iye wákàtí tó lò, ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀. Iye tó bá jáde kò ní yí padà níwọ̀n ìgbà tí ẹrù kò bá yí padà. Ìṣirò náà wúlò, n kò sì bá Larson àti Miller jà. Àwọn tó gba 20 yẹn bí ẹni pé òkè ọ̀run ló ti já bọ́ ni mò ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká fojú ara wa rí i. Ká ní irin kan já ní 650 °C lẹ́yìn wákàtí 1,000, a sì fẹ́ mọ iye tí yóò lò ní 550 °C lábẹ́ ẹrù kan náà. Bẹ́ ẹ bá lo 20, ìṣirò á ní nǹkan bíi wákàtí 623,000, ìyẹn ọdún 71. Bẹ́ ẹ bá lo 15, á di nǹkan bíi wákàtí 154,000, kò pé ọdún 18. Bẹ́ ẹ bá lo 30, á fò sókè kọjá wákàtí mílíọ̀nù 10, ó lé ní 1,100 ọdún! Irin náà kò yí padà, ìdánwò kò yí padà, ẹni tó mú nọ́ḿbà nìkan ló yí padà. Ẹni tó fẹ́ ta irin sì mọ èyí tó máa mú. Ibi tó wá burú sí ni pé irọ́ kọ́ ló ń pa. Irin tí krómíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ ẹ bá kó ìdánwò kúkúrú rẹ̀ jọ, fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé nọ́ḿbà tó súnmọ́ 30 ló bá òun mu. Ó dìgbà tí ìdánwò bá pẹ́ kí nọ́ḿbà náà tó máa wálẹ̀. Nígbà yẹn, páìpù ti wà lókè, iléeṣẹ́ ti ń ta iná, owó ti wọlé.

Ìṣirò yìí kan náà tún ní ohun tó yẹ kó lé oorun lójú yín. Páìpù tí wọ́n ṣe fún wákàtí 100,000 ní 550 °C, bó bá jẹ́ 560 ló fi ń ṣiṣẹ́, wákàtí 50,000 ni yóò lò. Bó bá jẹ́ 570, kò ju nǹkan bíi wákàtí 25,000 lọ, kò pé ọdún mẹ́ta. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó ń wọn ìgbóná lára bọ́ílà òun kò fi 10 ṣìnà? Ìpẹ́ tún wà tó ń hù sínú ọ̀pá bọ́ílà. Díẹ̀díẹ̀ ni ooru omi ń jẹ irin níkùn, ìpẹ́ dúdú á máa gbára jọ síbẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ooru omi gba ìgbóná kúrò lára irin bó ṣe yẹ. Ara irin á wá máa gbóná ju bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ìgbóná yẹn ń lé. Ìwé ìṣirò tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, ọdún 1985, ní iléeṣẹ́ iná Mohave tó wà ní Laughlin, ìpínlẹ̀ Nevada, Amẹ́ríkà, páìpù kan bẹ́. Ooru omi tí wọ́n ti sè lẹ́ẹ̀kejì ni páìpù náà ń gbé lọ sí táàbáìnì. Ó fẹ̀ tó ínǹṣì 30, ìgbóná inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 538 °C. Ọdún 14 péré ni iléeṣẹ́ náà tíì fi ṣiṣẹ́. Èèyàn mẹ́fà ló kú. Lóṣù Kìíní ọdún 1986, irú páìpù bẹ́ẹ̀ tún bẹ́ ní iléeṣẹ́ iná Monroe ní Michigan, ni gbogbo Amẹ́ríkà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ lára páìpù wọn láti wò ó.

Kí ni wọ́n rí? Páìpù tó bẹ́ ní Mohave kì í ṣe èyí tí wọ́n fà jáde lódindi láìlójú. Pẹlẹbẹ irin ni wọ́n ká, tí wọ́n sì fi iná wẹ́dà jó etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní gígùn. Ìṣirò ìgbà náà gbà pé ojú ìjórin lágbára tó ara irin fúnra rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níta, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ nínú kríìpù. Ojú ìjórin ló là, ó sì là gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn òkú mẹ́fà yẹn kí òfin páìpù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa dín agbára tí wọ́n ń kà fún ojú ìjórin kù nínú ìgbóná.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti ayé àtijọ́ nìyẹn. Nínú irin ìgbàlódé pàápàá, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjórin, níbi tí iná wẹ́dà ti ta irin láìyọ́ ọ, ni hóró irin ti máa ń rún wẹ́wẹ́, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ là. Type IV ni wọ́n ń pe irú lílà bẹ́ẹ̀. Ní 600 °C, bó bá ti pẹ́, ibẹ̀ lè pàdánù ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara irin ní. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn: ìdánwò kúkúrú kì í fi àbùkù yìí hàn. Láti tètè rí èsì, wọ́n á gbé ẹrù wíwúwo kọ́ irin, lábẹ́ ẹrù wíwúwo sì rèé, ara irin ló máa ń já, ojú ìjórin á dúró gbọn-in. Onídánwò á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wẹ́dà náà mọṣẹ́. Ẹrù fífúyẹ́ tó pẹ́ títí, irú èyí tó wà nínú bọ́ílà gan-an, ló máa ń tú àṣírí. Ní Britain, wọ́n ti rí irú lílà bẹ́ẹ̀ lára bọ́ílà iléeṣẹ́ iná tipẹ́tipẹ́ kí wákàtí rẹ̀ tó pé 100,000.

Irin tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ayédèrú tí wọ́n pò ní kọ̀rọ̀. Grade 91 lorúkọ rẹ̀. Ilé ìwádìí Oak Ridge ní Tennessee ló ṣe iṣẹ́ orí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ASME, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀ ní 1983, ayé sì tẹ́wọ́ gbà á. Krómíọ̀mù ìdá 9 ló wà nínú rẹ̀, molybdenum ìdá 1, pẹ̀lú vanadium, niobium àti náítírójìn bín-ín-tín. Bín-ín-tín yìí ló lóògùn. Wọ́n máa ń di hóró tín-ín-rín tó fọ́n káàkiri inú irin, àwọn ló ń di irin mú kó má na. Ṣùgbọ́n hóró wọ̀nyẹn kì í wà títí láé nínú ìgbóná. Nígbà tí ìdánwò kúkúrú ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ digbí. Bí àkókò ti ń gorí àkókò, wọ́n á máa wú, wọ́n á máa dín níye, ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní Z-phase á sì hù, á máa jẹ wọ́n run. Nínú irin tí krómíọ̀mù rẹ̀ tó 12, kíákíá ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Ìlà tó ti ń lọ tààrà lórí gíráàfù á wá tẹ̀, á dorí kodò. Ẹni tó gbé rúlà lé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò lè rí i. Irin tó lo wákàtí 5,000 àti irin tó lo wákàtí 80,000 ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ìwé, inú wọn kò rí bákan náà mọ́.

Àwọn tó ń kọ òfin pàápàá ti fi ìka àbámọ̀ bọnu. P92, àbúrò Grade 91, ni ẹgbẹ́ ECCC ti Yúróòpù kọ́kọ́ fún ní 123 MPa gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó lè gbé fún wákàtí 100,000 ní 600 °C. Nígbà tí èsì ìdánwò tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dé, wọ́n gé e sí 113 lọ́dún 2005. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba Japan gé ti T122 tí krómíọ̀mù rẹ̀ tó 12 wálẹ̀. ASME gé ti Grade 91 fúnra rẹ̀ lọ́dún 2019, lẹ́yìn tí irin náà ti wà lọ́jà fún ọdún tó lé ní 30. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé 10 MPa kò jẹ́ nǹkan kan. Nínú irin báwọ̀nyí, bí ẹrù bá lé díẹ̀, ọjọ́ ayé á dín lọ́pọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín 113 àti 123 tó láti gé ọjọ́ ayé irin sí bí ìdajì. Iléeṣẹ́ tó ti kọ́ bọ́ílà rẹ̀ sórí nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ńkọ́? Wọn kò rán páìpù tuntun sí wọn. Ìwé tuntun ni wọ́n rán sí wọn.

Àwọn tó mọyì ọ̀rọ̀ yìí ti fi ọdún pípẹ́ dúró. Lọ́dún 1966 ni ilé ìwádìí irin ti ìjọba Japan, èyí tó wá di NIMS, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdánwò kríìpù tí wọ́n pinnu pé yóò dé wákàtí 100,000 fún àwọn irin tí ilẹ̀ wọn ń ṣe. Ọ̀kan nínú irin kábọ́ọ̀nù tí wọ́n gbé kọ́ ní 400 °C lóṣù Kẹfà ọdún 1969 ṣì wà níbẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 2011, nígbà tó kọjá wákàtí 356,463, èyí tí ìdánwò kan ní Jámánì fi gba ipò kìíní láyé ṣáájú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n gbé irin yẹn kọ́ ti lé ní ogójì ọdún. Inú irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni Kazuhiro Kimura àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí ohun tó yẹ kí gbogbo ẹnjiníà kọ sára ògiri ọ́fíìsì: ìdánwò tí ẹrù rẹ̀ ju ìdajì agbára tí irin fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lọ, àti ìdánwò tí ẹrù rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Bẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀, àwọn kúkúrú tó pọ̀ jù á fa ìlà náà sókè, irin á sì dà bí ẹni tó lágbára ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ sì rántí òdiwọ̀n tí ECCC fi lélẹ̀, pé kí ìlà má ṣe kọjá ìlọ́po mẹ́ta wákàtí ìdánwò tó gùn jù. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ tó gùn jù jẹ́ 10,000 kò ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ kọjá 30,000. Mélòó nínú ìwé tó wà nílé yín ló pa òdiwọ̀n yìí mọ́?

Ọ̀rọ̀ ìyọ́ irin náà tún wà. Irin tí wọ́n yọ́ lónìí àti èyí tí wọ́n yọ́ lọ́la, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ọjọ́ ayé wọn lè fi ìlọ́po púpọ̀ yàtọ̀ síra nínú kríìpù. Alumíníọ̀mù díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù sínú Grade 91 á gba náítírójìn mọ́ àwọn hóró tín-ín-rín lọ́wọ́. Wẹ́dà tó bá tún un gbóná kọjá bó ṣe yẹ lẹ́yìn ìjórin á sọ irin ọlọ́lá di irin rírọ̀. Ìwé ẹ̀rí tó tẹ̀lé e láti òkèèrè kò ní mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní sáìtì yín. Nítorí náà, ìlà tó gba àárín àwọn àmì kọjá kì í ṣe ìlà tí ẹ̀dá fi ń kọ́ bọ́ílà. Ìlà tó wà nísàlẹ̀, tó gba ti èyí tó lẹ jù nínú wọn rò, ni kẹ́ ẹ lò.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa sọ ọjọ́ ayé irin tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ yín dára, ó sì ń dán lójú. Ẹ kó dátà NIMS jọ, ẹ pín in sí méjì láìwo ojú, ẹ fi apá kan kọ́ ẹ̀rọ, ẹ fi èkejì dán an wò, ó gba máàkì tó ga, ẹ bá pariwo. Àmì tó wá láti inú ìyọ́ kan ṣoṣo wà ní apá méjèèjì! Ẹ̀rọ ti mọ irin náà kẹ́ ẹ tó bi í. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè wo iwájú, ẹ fi gbogbo ìdánwò tó kọjá wákàtí 10,000 pa mọ́ fún un, ẹ fi èyí tó kúrú nìkan kọ́ ọ, kẹ́ ẹ wá bi í nípa 100,000. Ẹ tún yọ odindi ìyọ́ kan kúrò, kó sọ̀rọ̀ nípa irin tí kò rí rí. Máàkì tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ gbé jáde. Títí dìgbà náà, kò sóhun tó fi ẹ̀rọ yín sàn ju ẹni tó gbé rúlà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Iléeṣẹ́ iná Ẹgbin lẹ́bàá Ìkòròdú ní ẹ̀rọ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ megawatt 220, ooru omi ló ń yí wọn, láti àárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n sì ti wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ iná Ọlọ́runṣògo kejì ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní bọ́ílà tó ń fi ìgbóná táàbáìnì gáàsì se omi. Ilé ìfọpo náà ní ọ̀pá irin nínú iná. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Kàlẹ́ńdà nìkan ni mò ń kà: ohun tí wọ́n tàn lọ́dún 1985, wákàtí tó ti gorí rẹ̀ lé ní 340,000, kódà bí kò bá fi gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Tiwa tún wá ní àfikún tí kò sí nínú ìwé ìdánwò àwọn ará Japan. Lọ́dún 2024 nìkan, léraléra ni wáyà iná orílẹ̀-èdè yìí dákú. Gbogbo ìgbà tó bá dákú ni bọ́ílà á tutù lójijì, tí wọ́n á tún tàn án, tí irin nínípọn á fà, á súnkì, á tún fà. Ìdánwò kríìpù kì í paná. Ẹrù kan, ìgbóná kan, títí yóò fi já ni. Kò tíì sí ìlà orí gíráàfù kankan tó ka ìdákú wáyà Nàìjíríà mọ́ ọjọ́ ayé irin.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ yọ aṣọ lára páìpù. Ẹ lọ ojú ìjórin dán, ẹ fi fíìmù gba àwòrán hóró rẹ̀, ẹ fi maikrosikóòpù wá ihò náà nígbà tó ṣì jẹ́ ihò. Ẹ wọn fífẹ̀ páìpù lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wọn líle irin Grade 91 yín kó tó wọlé, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wẹ́dà bá ti fọwọ́ kàn án. Ẹ wá ibi tó gbóná jù lára bọ́ílà, kì í ṣe ibi tí gééjì wà. Owó kékeré kọ́ ni gbogbo èyí, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní òun kò lówó rẹ̀, ó yẹ kó dín ìgbóná bọ́ílà rẹ̀ kù, nítorí 10 °C tó bá gé kúrò lè sọ ọjọ́ ayé irin náà di ìlọ́po méjì, ìṣirò tó pa á lára náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni iléeṣẹ́, bí ẹnjiníà yín bá wá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ pa bọ́ílà kan fún àyẹ̀wò, ẹ má bi í léèrè iye owó iná tẹ́ ẹ máa pàdánù kẹ́ ẹ tó pa á. Ẹ̀yin ẹnjiníà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kọ iye wákàtí ìdánwò tó gùn jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé irin tẹ́ ẹ bá ṣírò, kẹ́ ẹ kọ nọ́ḿbà tẹ́ ẹ fi kún lọ́ọ̀gì àti ìdí tẹ́ ẹ fi lò ó, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá ara irin ni tàbí ojú ìjórin. Ìwé tí kò bá ní nǹkan wọ̀nyí nínú, ẹ má buwọ́ lù ú, ẹni yòówù kó gbé e wá.